Bí A Ṣe Ń Fi Dúrọ́ọ̀mù Ṣe Ààrò Ìyanran Tí Iná Rẹ̀ Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́

Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n tẹ́ àwọ̀n irin lé, tí èédú ń jó lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ẹja yíyan lójú títì lálẹ́ rí. Ó dára fún ẹja, ó dára fún bọ̀ọ̀lì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé odidi itan àgbò tàbí igẹ̀ màlúù lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti jó kí inú tó jinná, ọ̀rá á sì máa kán sínú iná, á máa gbiná, èéfín ọ̀rá tó jó yẹn á sì tún padà lẹ̀ mọ́ ẹran. Èéfín ọ̀rá jíjó wà lára ohun táwọn onímọ̀ ìṣègùn ń kìlọ̀ pé ó lè fa jẹjẹrẹ.

Ààrò tí a fẹ́ kọ́ yìí gbé iná kúrò lábẹ́ ẹran, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ooru àti èéfín nìkan ló ń kọjá lára ẹran: wọ́n gba apá kan wọlé, wọ́n gba apá kejì jáde. Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ni orúkọ rẹ̀ ti ròkè jù, torí páìpù ńláńlá tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà ibẹ̀ máa ń sọ di ààrò. Igi oaku ni wọ́n ń dá sí i, igẹ̀ màlúù sì ni olórí ẹran tí wọ́n ń yan nínú rẹ̀. Nílé wa, páìpù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Dúrọ́ọ̀mù ò ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Atẹ́gùn tútù á gba ìsàlẹ̀ wọ inú àpótí iná, á gbóná, á fúyẹ́, á gba ọ̀fun (ọ̀nà tó so àpótí náà mọ́ dúrọ́ọ̀mù) bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, á fẹ́ yí ẹran ká, á sì gba ọ̀pá èéfín jáde. Bí ọ̀pá ṣe ń fa ooru jáde lókè, bẹ́ẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn tuntun wọlé nísàlẹ̀. Níbi tí ọ̀nà yìí bá ti fún jù, igi ò ní jó geere mọ́. Á kàn máa rú èéfín funfun tó nípọn, ẹran á sì korò. Ààrò tó tóbi, tó dán, tí ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀ ò já gaara, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ parí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kí wẹ́dà tó tan máṣíìnì. Bí owó ò bá sì pọ̀, àpótí iná ni kí ẹ ná an sí. Dúrọ́ọ̀mù ṣeé pààrọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àpótí iná tó dára lè sin dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta.

Ìwọ̀n

Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 fẹ̀ tó 57 cm ní ìdábùú, ó sì gùn tó 88 cm. Ẹ wọn tiyín, torí wọn kì í bára mu délẹ̀délẹ̀. Inú àpótí iná gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta inú dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn bíi lítà 70. Kó lé díẹ̀ sàn ju kó dín lọ: nínú àpótí kékeré, igi á há, eérú á tètè kún, atẹ́gùn ò sì ní rí ọ̀nà gbà.

Àpótí tó fẹ̀ 40 cm, tó ga 40 cm, tó sì jìn 50 cm ni a fọwọ́ sí. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn 5 mm ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8 ni odidi irin pẹlẹbẹ máa ń jẹ́, ìdajì rẹ̀ (122 cm níbùú, 122 cm lóròó) sì tó gé gbogbo ògiri àpótí yìí. Lórí ìlà kìíní, ẹ gé ẹyọ mẹ́ta tó jẹ́ 40 x 50. Lórí ìlà kejì, ẹyọ kan 40 x 50 àti ẹyọ méjì 40 x 40. Ọ̀já kan tó fẹ̀ bíi 22 cm á ṣẹ́ kù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù, òun la ó fi ṣe ọ̀fun àti irin ìdarí, ìyẹn irin tó máa darí ooru nínú dúrọ́ọ̀mù. Bí wẹ́dà bá ní irin 2 mm tó, ẹ má gbà fún un. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wọ́, ilẹ̀kùn ò ní bá ojú rẹ̀ mu mọ́, á sì jó lu láìpẹ́.

Ọ̀fun tó so àpótí iná mọ́ dúrọ́ọ̀mù á fẹ̀ 30 cm, á ga 11 cm. Ojú atẹ́gùn lára ilẹ̀kùn àpótí iná á jẹ́ 20 x 6 cm, pẹ̀lú irin tí a lè tì sọ́tùn-ún sósì láti dín in kù. Ọ̀pá èéfín á jẹ́ páìpù oní-ínṣì 5, á sì ga 90 cm. Ibi ọ̀pá èéfín yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà jù. Wọ́n á lo páìpù ínṣì 3 torí pé òun ló wà nílẹ̀, ààrò á sì máa wú ikọ́ láti ọjọ́ kìíní. Bí ínṣì 5 ò bá sí, ínṣì 6 ni kí ẹ wá, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sí 4.

Ohun èlò

Yàtọ̀ sí dúrọ́ọ̀mù àti ìdajì irin pẹlẹbẹ yẹn, ẹ nílò mítà 1.2 páìpù ínṣì 5. Áńgù áyọ́ọ̀nù (irin gígùn tó tẹ̀ bíi L) ínṣì 1½, odidi méjì. Fúlátì báà (irin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí pẹlẹbẹ) 25 x 3 mm, odidi méjì. Rọ́ọ̀dù 16 mm, mítà 5. Àwọ̀n irin tó lágbára tó jẹ́ 55 x 82 cm fún ẹran. Hínjì líle márùn-ún. Páìpù ínṣì 1 tó gùn 10 cm. Tẹmọmítà méjì tó lè ka títí dé 250°C. Àti ẹlẹ́kítíródù (ọ̀pá tí wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀) géèjì 12 fún ara dúrọ́ọ̀mù, géèjì 10 fún irin tó nípọn.

Kò gbọdọ̀ sí irin kankan nínú wọn tí wọ́n fi síǹkì bò, ì báà ṣe páìpù omi, ì báà ṣe àwọ̀n. Nígbà tí wẹ́dà bá ń jó síǹkì, èéfín rẹ̀ máa ń mú ibà àti òtútù bá ẹni tó bá fà á símú. Ibi tí oúnjẹ wà kì í sì í ṣe àyè rẹ̀.

Ìmúra dúrọ́ọ̀mù

Dúrọ́ọ̀mù tó gbé òróró tàbí epo pupa ni kí ẹ rà. Èyí tó gbé oògùn kòkòrò, kẹ́míkà, ọ̀dà tàbí ohunkóhun tí ẹ ò mọ̀, ẹ má rà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Kò sí iná tó lè fọ májèlé kúrò lára irin kó dá yín lójú.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi iná tàbí fáílìn (ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin) kan dúrọ́ọ̀mù, ẹ ṣí ìdérí kékeré méjèèjì tó wà lórí rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ sì tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pọn omi kún un títí dé ẹnu, kí ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó dà á nù. Dúrọ́ọ̀mù òfìfo tí oru epo ṣẹ́ kù sí nínú léwu ju èyí tó kún lọ, torí oru yẹn ló ń bú gbàmù bí ẹ̀tapàrà iná bá kàn án. Ìkìlọ̀ kan náà ló wà fún àgbá gáàsì ìdáná tí àwọn kan ń fi ṣe ààrò. Irin rẹ̀ nípọn, ó dára, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ẹni tó mọ bí a ṣe ń tú fáàfù rẹ̀, tó sì mọ bí a ṣe ń pọn omi kún un kó tó gé e, ẹ fi í sílẹ̀.

Inú ọ̀pọ̀ dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n kùn, ọ̀dà yẹn ò sì gbọdọ̀ kù síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé ìdérí rẹ̀ ni kí ẹ sun ún: ẹ kó igi gbígbẹ sínú rẹ̀ ní gbangba, jìnnà sílé, kí iná náà jó tagbáratagbára fún bíi wákàtí méjì. Bó bá tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí tí irin funfun á fi yọ. Níbi tí ọ̀dà bá ti ṣẹ́ kù tó ń tàn yinrinyinrin, ẹ tún un sun.

Ìdérí

Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù nìyí. Irin tí wọ́n fipá ká ni ara dúrọ́ọ̀mù. Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá gé e, ó fẹ́ padà sí pẹrẹsẹ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gé ìdérí náà kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá fẹ́ dá a padà, á rí i pé ó ti fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ, igun rẹ̀ á máa yọ sóde. Ètò ìgé ló ń dènà èyí.

Ẹ dùbúlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ fi òkúta dè é kó má yí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà iwájú sí 3 cm lókè ìdajì gíga rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ fi téèpù wọn 47 cm gba ara rẹ̀ kọjá sókè. Ìlà ẹ̀yìn á bọ́ sí bíi 5 cm lẹ́yìn góńgó orí. Ẹ fi 9 cm sílẹ̀ ní apá ọ̀tún àti apá òsì, ìdérí á wá gùn 70 cm.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ tẹ fúlátì báà méjì kó bá ìkóròbótó dúrọ́ọ̀mù mu, kí ẹ jó wọn mọ́ ẹ̀yìn ibi tó máa di ìdérí, 4 cm sí ìlà ọ̀tún àti 4 cm sí ìlà òsì. Àwọn ló máa di ìdérí mú kó má baà fẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ìlà ẹ̀yìn nìkan. Ẹ fi dísìkì fáílìn tó nípọn 1 mm gé e, torí dísìkì tó nípọn á fi àlàfo ńlá sílẹ̀. Ẹ jó hínjì mẹ́ta mọ́ orí ìlà tí ẹ gé yìí nígbà tí ìdérí ṣì wà lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan hínjì lára ìdérí, ẹsẹ̀ kejì lára dúrọ́ọ̀mù. Ẹ wá gé ìlà ọ̀tún àti ti òsì, kí ẹ gé ìlà iwájú tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí ẹ fi 3 cm sílẹ̀ láìgé ní igun iwájú méjèèjì. Ẹ jó ọwọ́ ìdérí mọ́ ọn. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kí ẹ tó gé igun méjèèjì yẹn. Ìdérí á ṣí lórí hínjì tirẹ̀, á sì padà sójú rẹ̀ wẹ́kú.

Àlàfo tí dísìkì fi sílẹ̀ ni ẹ ó fi fúlátì báà bò: ìdajì ìbú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìdérí, ìdajì kejì á gun orí ara dúrọ́ọ̀mù láìjó mọ́ ọn. Lápá ọ̀tún àti òsì, ó rọrùn. Níwájú, ìgbátí méjì tó wú yí ara dúrọ́ọ̀mù ká á dá irin yín dúró. Ẹ má fipá tẹ̀ ẹ́ kọjá lórí wọn. Ẹ gé e sí mẹ́ta, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bọ́ sáàárín ìgbátí. Àlàfo tó bá kù lórí ìgbátí ò tó nǹkan, ọ̀rá àti èéfín á dí i bó bá pẹ́.

Ẹ jó ṣéènì kékeré mọ́ ìdérí kó má baà ṣubú sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ṣí i.

Ìkìlọ̀ fún wẹ́dà: irin dúrọ́ọ̀mù ò ju 1.2 mm lọ. Géèjì 12 ni kó lò, kó gbé iná sí bíi ámúpù 60 sí 70, kó máa kọjú iná sí irin tó nípọn, kó sì máa jó o ní díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Bó bá fi iná géèjì 10 kan ara dúrọ́ọ̀mù, á lu ú.

Àpótí iná àti ọ̀fun

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀kán iná kékeré mú igun àwọn irin pẹlẹbẹ náà, kí ẹ wọn láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, àpótí náà gún. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó jó o parí, 5 cm níhìn-ín, 5 cm lọ́hùn-ún, kí ooru má baà wọ́ ọ. Ní iwájú, ẹ gé ojú ilẹ̀kùn tó jẹ́ 28 x 28 cm. Irin tí ẹ gé jáde yẹn ni ilẹ̀kùn, ẹ fi fúlátì báà yí etí rẹ̀ ká kó lè bo àlàfo rẹ̀. Ojú atẹ́gùn 20 x 6 á wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn yìí. Hínjì méjì tó kù, tibẹ̀ ni.

Rọ́ọ̀dù 16 mm ni a fi ń ṣe àwọ̀n tí igi máa jókòó lé. Ẹ gé e sí ẹyọ mọ́kànlá, kí ẹ fi bíi 2 cm sáàárín wọn, kí ẹ sì gbé e sórí ẹsẹ̀ tó ga 8 cm. Ẹ má jó o mọ́ ògiri, torí á tẹ̀ níjọ́ kan, ẹ ó sì fẹ́ yọ ọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni eérú ń bọ́ sí, abẹ́ rẹ̀ náà ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí igi bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àpótí, kò ní jó dáadáa.

Etí tó yọ síta ní ìparí dúrọ́ọ̀mù ò ní jẹ́ kí àpótí iná lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ máa ń gé etí yẹn kúrò, dúrọ́ọ̀mù á wá di jákujàku. Ẹ má gé e. Ẹ gé ọ̀já tó fẹ̀ 6 cm, tó gùn 82 cm, lára irin tó ṣẹ́ kù, kí ẹ fi ṣe ọ̀fun onígun mẹ́rin, 30 x 11. Ẹ lu ihò tó bá a mu sí ìparí dúrọ́ọ̀mù àti sí ẹ̀yìn àpótí iná. Kí 1 cm rẹ̀ wọ inú dúrọ́ọ̀mù, kí 1 cm wọ inú àpótí; 4 cm tó kù á wà láàárín. Àyè kékeré yẹn á gba ìparí dúrọ́ọ̀mù tó fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ ooru tààrà láti ara àpótí.

Ìsàlẹ̀ ọ̀fun gbọ́dọ̀ ga ju ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù lọ ní 5 cm, kí ọ̀rá tó bá ṣàn má baà rí ọ̀nà lọ bá iná. Orí àpótí iná á fi 3 cm ga ju òkè ọ̀fun lọ. Èyí túmọ̀ sí pé bíi 21 cm lára àpótí á wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí òkè ni ooru ń lọ.

Nínú dúrọ́ọ̀mù, lókè ọ̀fun, ẹ jó irin ìdarí tó fẹ̀ 35 cm, tó sì gùn 22 cm mọ́ ọn, kó dorí kọ ìsàlẹ̀ díẹ̀, tó 3 cm. Òun ni kò ní jẹ́ kí ooru ta lu ẹran tó bá sún mọ́ iná. Láìsí i, apá yẹn lè fi 30°C gbóná ju apá ọ̀pá èéfín lọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pá, àwọ̀n ẹran, ẹsẹ̀

Àwọ̀n ẹran á wà ní 26 cm láti ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, lórí áńgù áyọ́ọ̀nù méjì tí a jó mọ́ inú. Ó gba adìẹ mẹ́fà tí a là láti ẹ̀yìn tí a sì tẹ́.

Ẹ má lu ọ̀pá èéfín sí góńgó orí dúrọ́ọ̀mù. Bó bá wà níbẹ̀, ooru á gòkè tààrà, á sì jáde láìkan ẹran. Ní ìparí kejì, èyí tó jìnnà sí àpótí iná, ni kí ẹ lu ihò rẹ̀ sí, kí ìsàlẹ̀ ihò náà bá àwọ̀n ẹran dọ́gba. Ẹ gé páìpù náà ní ìdagun 45, kí ẹ so ó pọ̀ bí ìgúnpá, apá kúkúrú wọ inú dúrọ́ọ̀mù, apá gígùn dúró ṣánṣán. Fìlà páànù tó ṣeé ṣí á dènà òjò.

Ẹsẹ̀ dúrọ́ọ̀mù á jẹ́ kí àwọ̀n ẹran ga tó 90 cm sílẹ̀, kí ẹ̀yìn má baà máa dun ẹni tó ń yan. Àpótí iná gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tirẹ̀. Ó wúwo tó 40 kílò kí igi tó wọ inú rẹ̀. Bó bá kàn so kọ́ lára dúrọ́ọ̀mù, á fa irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ya. Ẹ fi áńgù áyọ́ọ̀nù so ẹsẹ̀ gbogbo pọ̀ nísàlẹ̀. Kí gbogbo dúrọ́ọ̀mù rọra dagun sí apá ọ̀pá èéfín, 2 cm péré, kí páìpù ínṣì 1 tí ẹ jó sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀ sì máa dà ọ̀rá sínú garawa. Páìpù tó bá kéré ju ìyẹn lọ, ọ̀rá dídì á dí i.

Tẹmọmítà méjì: ọ̀kan ní 15 cm sí apá iná, ìkejì ní 15 cm sí apá ọ̀pá, méjèèjì lára ìdérí, nítòsí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè sún mọ́ àwọ̀n ẹran. Èyí tí wọ́n ń fi sí góńgó ìdérí kì í sọ bí ó ṣe gbóná tó níbi tí ẹran wà.

Iná àkọ́kọ́

Ẹ má kun inú rẹ̀. Ìta nìkan ni kí ẹ kùn, ọ̀dà tó lè gba 600°C sì ni fún àpótí iná. Ọ̀dà lásán á wú, á sì bó lọ́jọ́ kìíní. Ẹ fi àkísà àti òróró ìsebẹ̀ pa inú dúrọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́, kó má ṣàn. Ẹ wá dá iná sí i láìsí ẹran, kó wà ní 120 sí 150°C fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Irin á dúdú, á sì máa dán. Ìbora yẹn ló ń dènà ìpẹtà. Lásìkò yìí kan náà, ẹ wo ibi tí èéfín ti ń jò, kí ẹ sàmì sí i. Tó bá jẹ́ ojú ìjó ni, ẹ tún un jó. Tó bá jẹ́ etí ìdérí, ẹ fi hámà lu fúlátì báà kó sún mọ́ ọn.

Igi àti ìtọ́jú iná

Èédú wà fún ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Igi ló ń gbé ààrò yìí ró. Àyín dára púpọ̀: ó le, ó pẹ́ nínú iná, èéfín rẹ̀ ò le jù. Igi ọsàn àti gúrófà náà dára, pàápàá fún adìẹ àti ẹja. Ẹ yẹra fún pákó tí wọ́n kùn tàbí tí wọ́n fi oògùn kan, igi tó ní oje púpọ̀, àti igi káṣú, torí oje rẹ̀ máa ń ta ni lára. Igi tútù ò ṣeé lò. Kí ó ti gbẹ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Bí ẹ bá gbá ẹ̀là méjì mọ́ra, á dún kenken, kò ní dún gbù. Ẹ là á sí 30 cm ní gígùn, kó nípọn bí ọrùn ọwọ́.

Ẹ dá èédú bí ẹ̀kún garawa kékeré kan, kó pọ́n, kí ẹ gbé ẹ̀là méjì lé e. Ṣí ọ̀pá èéfín pátápátá, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe tán. Ojú atẹ́gùn nísàlẹ̀ ni a fi ń darí iná, kì í ṣe ọ̀pá. Ó gbà tó ìṣẹ́jú 45 kí gbogbo ara ààrò tó gbóná délẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀là kan ní ìṣẹ́jú 30 sí 40. Ẹ to ẹ̀là tó kàn sórí àpótí iná kó máa gbóná sílẹ̀. Bó bá wọ inú ẹ̀yín iná, lójú ẹsẹ̀ ló máa gbiná. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tí ẹ bá fi igi sí i.

Èéfín ni kí ẹ máa wò. Èyí tó dára fẹ́lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣe bí aró fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá funfun tó sì nípọn, igi ń sun, kò jó: ẹ fún un ní atẹ́gùn.

Igẹ̀ màlúù tó wọn kílò 5 sí 6 nílò 110 sí 130°C fún wákàtí 10 sí 14, títí inú rẹ̀ á fi dé bíi 95°C. Nígbà tí inú rẹ̀ bá wà láàárín 65 sí 75°C, á dúró lójú kan fún wákàtí púpọ̀ bí ẹni pé iná ti kú. Omi tó ń gbẹ lára ẹran ló ń tù ú lára. Ẹ má ki igi kún un, á kọjá. Adìẹ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ: 135 sí 150°C, wákàtí méjì sí méjì àbọ̀, kí inú itan rẹ̀ dé 74°C. Fún ẹja àrọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 60 sí 70°C fún wákàtí kan kí awọ rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó gbé e dé 90 sí 100°C. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e sínú ooru ńlá, awọ rẹ̀ á là, ẹran rẹ̀ á sì máa já bọ́ láti inú àwọ̀n.

Bí kò bá ṣe bó ṣe yẹ

Bí èéfín bá ń gba ẹnu ilẹ̀kùn iná jáde dípò ọ̀pá, ọ̀pá ṣì tutù ni, tàbí eérú ti dí abẹ́ àwọ̀n igi. Ẹ jó ìwé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ ọ̀pá, á fà. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀pá kúrú jù tàbí ó fún jù. Ẹ fi 30 cm kún un.

Bí omi dúdú bá ń kán láti ìdérí sórí ẹran, iná ti kéré jù, èéfín ń dì mọ́ irin tútù. Iná kékeré tó ń jó geere dára ju iná ńlá tí ẹ pa ojú atẹ́gùn mọ́ lọ. Bí ooru bá ń fò sókè sódò láìnídìí, ẹ wo ọ̀nà tí ìjì kọjú sí, pàápàá lásìkò ọyẹ́: ilẹ̀kùn iná tó bá kọjú sí ìjì, bí ẹwìrì ni. Ẹ yí ààrò kí ìjì máa fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bí ọ̀rá bá gbiná nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ má da omi sí i. Ẹ pa ìdérí dé, ẹ pa ojú atẹ́gùn mọ́, ẹ bo ọ̀pá. Iná tí kò bá rí atẹ́gùn á kú. Ẹ má sì lo ààrò yìí nínú ilé, nínú gáréèjì tàbí lábẹ́ ahéré. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde, tí a kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, máa ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ẹ kó eérú jáde ní ọjọ́ kejì, nígbà tó bá ti tutù, sínú garawa onírin. Eérú tó bá pẹ́ nínú àpótí á fa omi mọ́ra, á sì jẹ irin lábẹ́. Kí dúrọ́ọ̀mù tó tutù tán lẹ́yìn ìyan kọ̀ọ̀kan, ẹ ha àwọ̀n ẹran, kí ẹ fi àkísà olóròóró pa inú rẹ̀. Ibi tí ọ̀fun ti wọ dúrọ́ọ̀mù ló máa kọ́kọ́ lu. Ẹ máa fi ìdí ṣísùlù kàn án wò lóṣooṣù, bó bá sì ti ń tẹ̀, ẹ wá dúrọ́ọ̀mù mìíràn, kí ẹ tú àpótí iná sórí tuntun.